Ìlú Tí Ìyá Mi Ò Gbọdọ̀ Ti Kírun

Nígbà tí ìyá mi gbàgbé orúkọ mi, wọn ò tíì gbàgbé ìrun. Wọ́n gbàgbé pé bàbá wa ti kú, wọ́n a sì máa ní kí n bu ọbẹ̀ Bàbá sọ́tọ̀. Wọ́n gbàgbé pé àwọn ti jẹun, wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́, wọ́n gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ró ìró tó fi ń dúró ní ìdí. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí báyìí, wọ́n á dìde, wọ́n á wá omi, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á yọ ẹnu, wọ́n á bọ́jú, wọ́n á fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, wọn ò ní fo ọ̀kankan. Wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n á sì kọjú sí gábàsì. Kò sí ẹni tó ń tọ́ka gábàsì sí wọn. Ara wọn ló mọ̀ ọ́n.

Dókítà tí mo gbé wọn lọ bá sọ fún mi pé ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ irú àgbà bẹ́ẹ̀, kí á má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn, nítorí òun ni wọ́n fi di ayé mú. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú ìlú tí èmi àti ọkọ mi ń gbé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kírun. Ìlú ìjọ ni. Ìjọ ló ra ilẹ̀ rẹ̀, ìjọ ló la títì inú rẹ̀, ìjọ ló gbẹ́ kànga rẹ̀, ìjọ náà ló sì ṣe òfin rẹ̀. Bí èèyàn bá ti Mọníyà yà kúrò lójú títì Ọ̀yọ́, tó gba àárín oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kọjá, géètì gàgàrà kan ni yóò kọ́kọ́ rí, ògiri á tẹ̀lé e títí ojú ò fi ní rí òpin rẹ̀ mọ́. Inú ibẹ̀ la wà.

Kí ẹ má rò pé wọ́n tàn wá débẹ̀ o. Ẹsẹ̀ wa la fi rìn wọlé, a tún ń kọrin. Ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, èmi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ilé tí a háyà ní ìgboro Ìbàdàn sì ti sú wa. Onílé wa a máa mutí, á wá máa bú wa láti ojú fèrèsé, gọ́tà ń rùn, àwọn ọmọ ìta ń fi ìgò jà ní iwájú ilé. Ọkọ mi kó gbogbo ohun tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún lé ilé kékeré inú ọgbà yìí lórí. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Iná kì í pẹ́ lọ. Olè ò lè wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwa tuntun jọ sí gbọ̀ngán, alábòójútó ìlú dìde, ó ka òfin sí wa létí: kí gbogbo ilé jáde fún ìsìn òwúrọ̀ bí fèrè bá ti dún, kí ẹnikẹ́ni má mutí, kó má fa sìgá, kí obìnrin má wọ ṣòkòtò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìjọsìn ẹ̀sìn mìíràn, ìbáà ṣe nínú yàrá rẹ̀, kí ẹni tó bá rú òfin múra láti dá ilé padà fún ìjọ. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé orí ọtí, èmi ni mo pàtẹ́wọ́ jù, nítorí ọ̀rọ̀ onílé wa ṣì ń dùn mí. Òfin tí kò bá kan èèyàn máa ń dùn ún gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, ní abúlé kan lẹ́yìn Ẹ̀rúnmu. Ilé ìwé àwọn onítẹ̀bọmi ni mo lọ, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi, ibẹ̀ ni mo sì kù sí. Mo lọ sọ fún ìyá mi pé ṣọ́ọ̀ṣì ni màá máa lọ. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Wọn ò gbé ojú sókè.

“Ṣé Ọlọ́run náà lẹ ń pè níbẹ̀?”

“Òun náà ni, ma.”

“Pè é dáadáa nígbà náà. Ìwọ tó jẹ́ pé ìdajì ìdajì lo máa ń ṣe nǹkan.”

Ó tán. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà háyà yàrá nínú ilé bàbá mi, ó ń lu aago kékeré láàárọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé orin, bàbá mi á jókòó sórí awọ ẹran níta, wọ́n á máa ka tẹ̀súbáà wọn. Bí orin bá ti gùn jù, Bàbá á ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi díẹ̀ kó lè gbọ́ tèmi.” Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á sì tún gbé òmíràn. Ilé bàbá mi ni o. Wọ́n lè ní kó kó jáde. Kò wá sí wọn lọ́kàn rí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni ìyá mi wà ní abúlé títí di ọjọ́ tí wọ́n rìn jáde lọ́sàn-án gangan. Inú oko olóko ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n jókòó sáàárín ebè, wọ́n ń pe ìyá tiwọn tó ti kú láti ìgbà tí a ò tíì bí èmi. Àbúrò mi ń wa ọkọ̀ èrò, kì í sí nílé, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó gbé wọn wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú wọn fúngbà díẹ̀ ná.” Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èmi ni àkọ́bí, ta ni mo fẹ́ ní kó wá ṣe é?

Ká ní ẹlòmíràn ni, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Èèyàn lè kírun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ìyá mi ni olórí ẹgbẹ́ aṣálátù abúlé wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohùn wọn a máa ti mọ́ṣáláṣí dé etí odò. Àìsàn mú ọpọlọ, kò mú ohùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ké “Allahu Akbar” ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, àwo bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré ti fèrèsé, mo gbé orin ìjọ sókè nínú rédíò. Wọ́n kí ìrun wọn parí, wọ́n sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì, wọ́n wá sọ fún mi pé ọmọ tó ń kọrin yẹn mà lóhùn o, kí Ọlọ́run bá a wá ọkọ gidi.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kí i sínú.”

“Kí ló dé? Ṣé ẹ jí nǹkan ni?”

Mo ní rárá, pé àwọn ará àdúgbò ni. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ti gbọ́. Ní Alaásàrí, ohùn náà tún dé ilé kẹta. Ṣé kí n bínú sí wọn ni? Ẹni tí mo sọ fún ní ọ̀sán kì í ṣe ẹni tó ń kírun ní ìrọ̀lẹ́.

Kò pẹ́ tí alábòójútó fi wá. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò dàgbà tó mi, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Èyí ló burú jù níbẹ̀. Kò sí ẹni tó hùwà àfojúdi sí mi rí nínú ìlú náà.

“Ẹ kú ìtọ́jú Ìyá, ma. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ìrun nínú ilé yín.”

“Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, Pásítọ̀. Arúgbó tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ni.”

“A mọ̀, ma. Ṣùgbọ́n òfin ò yọ arúgbó sílẹ̀.”

“Ẹ bá mi sọ fún wọn nígbà náà. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún un sọ, nítorí wọ́n á ti gbàgbé.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹni tó lẹrú ló lẹrù, ma. Ìjọ ló ni ilẹ̀ yìí. Bí àlejò bá wọ ilé yín, tó ní òun fẹ́ bọ Ògún nínú pálọ̀ yín, ṣé ẹ máa gbà?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí mi ò ní gbà. Mo rò ó títí lẹ́yìn tó lọ, mo ń rò ó nídìí àwo tí mò ń fọ̀, mo ń rò ó nínú ìsìn òwúrọ̀. Nínú pálọ̀ mi, mo lè ní kí àlejò bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà wà, tí ilé ìwé wà, tí ilé ìgbẹ̀bí wà, tí àwọn èèyàn ti ń darúgbó, tí wọ́n ti ń ṣàìsàn, tí wọ́n ti ń kú, ṣé pálọ̀ ẹnìkan ṣì ni? Ẹni tó bá kó ayé tó báyìí sínú ọgbà, tó tì í ní géètì, ó ti jọba lé wa lórí, bó tilẹ̀ ní òun kàn ń ta ilé ni. Àwọn baálẹ̀ tiwa náà, orí ilẹ̀ wọn la ti ń dáko. Mi ò gbọ́ rí pé baálẹ̀ kan yọjú sí yàrá arúgbó láti wo ibi tó kọjú sí tó bá ń gbàdúrà. Mo to gbogbo rẹ̀ dáadáa lọ́kàn mi, bí ìgbà tí mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún kíláàsì. Ta ni mo wá fẹ́ kọ́? Gbọ̀ngán tí mo ti pàtẹ́wọ́ náà ni màá lọ dúró sí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ìyá ìjọ wá kí wọn. Ìyàwó alábòójútó ló ṣáájú wọn, wọ́n gbé ọsàn àti búrẹ́dì lọ́wọ́. Gbogbo wọn kúnlẹ̀ sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, inú ìyá mi sì dùn, nítorí wọ́n fẹ́ràn àlejò. Àwọn obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

“Ọlọ́run á fún yín lálàáfíà, ma.”

“Àmín, ọmọ mi.”

“Ọjọ́ alẹ́ yín á dára.”

“Àmín o, àmín.”

“Lónìí yìí, ẹ gba Jésù ní Olúwa àti Olùgbàlà yín.”

“Àmín. Ọlọ́run á gbọ́ tiwa.”

Ìyá mi wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ṣe àdúrà tiwọn padà fún wọn, ó gùn, ó dùn, wọ́n ní wọn ò ní fi ọwọ́ òsì júwe ilé, wọ́n ní ẹni tó ń wá ọmọ á gbọ́mọ pọ̀n, wọ́n ní òjò á rọ̀ fún wọn, kò ní ya ilé wọn. Àwọn ìyá ìjọ ń sunkún. Ọ̀kan pariwo Halelúyà. Wọ́n dìde, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ní ọkàn kan ti wọlé.

Ẹni tí ìyá bíi tiwa bá tọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kì í kọ àdúrà lọ́dọ̀ wa. Alágbe ṣàdúrà kó tó gba ọrẹ, àmín ni. Tíṣà ọmọ Áńgílíkà ṣàdúrà lórí ẹran Iléyá tí a gbé fún un, àmín ni. Ẹni tí wọ́n ń súre fún tó pa ẹnu mọ́, ó ti bú olúwarẹ̀. Ìyá mi ń ṣe ọmọlúwàbí lásán ni. Ìyá tó bí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn náà á ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ọkàn kì í fẹ́ rántí irú ìyẹn. Mo sọ ọ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe àmín sí.” Ìyàwó alábòójútó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

“Màmá, ẹ̀mí ló ń gbọ́, kì í ṣe ọpọlọ.”

Ní ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kéde rẹ̀. Wọ́n ní ìyá arúgbó kan ti kúrò nínú òkùnkùn, wọ́n ní a ó rì wọ́n bọmi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, nínú adágún tí wọ́n gbẹ́ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ìyá mi tó jókòó tì mí pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ìyàwó ta ni wọ́n ń kí. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n sọ fún mi pé bí ìrìbọmi bá ti parí, ìyá ìjọ kan á máa wá jókòó tì wọ́n ní àwọn àsìkò ìrun, bí wọ́n bá fẹ́ dìde, á máa fi orin dá wọn lẹ́kun, títí wọ́n á fi gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Títí wọ́n á fi gbàgbé rẹ̀.

Ara tu ọkọ mi. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe jókòó sórí àga, tó na ẹsẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti dé.

“Omi lásán ni,” ó ní. “Wọ́n á rò pé wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn ni. A ó sì máa gbé ilé wa lọ.”

“Tí wọ́n bá wá kú ńkọ́, Bàbá wọn?”

“Ìyá fúnra wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi.”

Mo gbé fóònù, mo pe àbúrò mi. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán tó fi ń pariwo. Ó ní tí wọ́n bá rì wọ́n bọmi, ta ló máa wẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ ikú, pé àwọn àáfà abúlé á ní ìyá ti kúrò lára àwọn, bẹ́ẹ̀ Bàbá ti fi àyè sílẹ̀ fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sun sí. Mo ní kó wá gbé wọn nígbà náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, yàrá wọn ti wó. Òjò ló wó o. Àwa náà há mọ́ yàrá kan pẹ̀lú ìkókó.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, ọkùnrin ńlá. Mo ní kó má sunkún, mo ní màá ṣe é. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ìwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Mo lọ bá alábòójútó ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀. Ọmọ tí mo lè kọ́ ní kíláàsì, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó fò dìde, ó ń fà mí lápá, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n má kó òun sí èpè. Mo ní mi ò ní dìde. Mo ní kó jẹ́ kí ìyá mi máa kí ìrun wọn, kò ní pẹ́ mọ́, wọn ò ní pẹ́ kú, kí ìjọ fojú fò ó.

“Mo ní ìyá, ma,” ó ní. “Bí mo bá rí i pé odò ń gbé ìyá ẹlòmíràn lọ, ṣé kí n dúró máa wò ó ni?”

“Ìyá mi ò sí nínú odò. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ tì wọ́n sí i.”

Ó mí kanlẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ pé omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Kò sí ẹni tó fi agbára mú yín, ma. Géètì tí ẹ gbà wọlé náà ló wà níbẹ̀.”

Wọn ò lé wa. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ ọ́ títí dòní nìyẹn, òótọ́ sì ni. Ẹni tí wọ́n ní kó yàn láàárín ilé rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi jáde.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo di ẹrù wa. Ọkọ mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò mí. Ó ní òun ò lè tún máa lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé onílé mọ́, pé ó ti rẹ òun, pé bí a bá dá ilé yìí padà, kò sí ibi tí òun ti máa rí òmíràn kí òun tó kú. Ó sunkún. Mo fẹ́ bínú sí i gan-an, inú náà kò bí mi tó bí mo ṣe fẹ́. Òótọ́ ló ń sọ, ó kàn jẹ́ pé èmi ni ọmọ ìyá mi. Ó bá wa gbé báàgì dé géètì, ó rọra gbé ìyá mi sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó tún ìborùn wọn ṣe. Ìyá mi súre fún un bíi pé òde ìyàwó la ń lọ. Mo wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ti yí padà, ó ń lọ sílé nìkan.

Mọníyà ni mo háyà yàrá sí. Mo wo àwọn ilé tó dára jù ú lọ, mo kọ̀ wọ́n. Èyí tí mo mú há, ó ń gbóná, ọkadà àti ọkọ̀ èrò ń pariwo níwájú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri rẹ̀ àti ògiri mọ́ṣáláṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ìdí tí mo fi mú un nìyẹn. Èmi, olùkọ́ ọmọdé ní Sọ́ńdè Sùkúù, mo ń wá ilé tí ohùn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ládáànì ti máa wọlé láti ojú fèrèsé. Mo ní, Ìyá, ẹ kírun títí ògiri á fi wó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí, mo rẹ́rìn-ín.

Ládáànì pe Alaásàrí. Ó lọ sókè, ó kún gbogbo yàrá. Ìyá mi gbé orí sókè, wọ́n wo àjà.

“Ariwo kí nìyẹn?”

“Ìrun ni wọ́n ń pè, Ìyá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.”

Wọn ò dìde. Mo gbé omi àlùwàlá fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì mu ún. Mo tẹ́ ẹní, mo mú wọn lọ́wọ́ dé orí rẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n wo ògiri kan, wọ́n wo èkejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yí, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká ẹní náà jẹ́jẹ́, wọ́n gbé e fún mi.

Mo ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la dé, ọ̀tunla dé, ládáànì ń pè, ìyá mi ń wo àjà. Mo pe dókítà. Ó ní bí wọ́n bá ti gbé irú wọn kúrò níbi tí ojú wọn ti mọ́, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè pàdánù ohun tó kù. Mo bi í pé ṣé ó máa padà. Ó ní ká máa wò ó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ mi. Mo ti fi ilé sílẹ̀, mo ti fi ọkọ sílẹ̀, nítorí kí wọ́n má baà gba ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá mi, èmi náà ni mo sì gbé wọn gba ọ̀nà tí ó ti jábọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí mo ṣe lọ́sàn-án àná, ẹ máa bi mí tí ẹ bá fẹ́. Mo ṣe àlùwàlá. Ọwọ́ mi rántí rẹ̀ láti kékeré. Mo gbé ìyá mi jókòó sórí àga, mo tẹ́ ẹní síwájú wọn, mo kọjú sí ibi tí mọ́ṣáláṣí kọjú sí, mo sì kírun. Mo ka Fàtíhà tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi, mo tẹ̀ ba, mo forí kanlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn òkè, kí wọ́n lè rántí. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mi ò mọ ẹ̀sìn tí mo fi ń bẹ̀ ẹ́, mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n dìde wá bá mi.

Nígbà tí mo parí, ojú wọn ń wò mí, ó tutù, ó kún fún ọ̀wọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, ma,” wọ́n ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ilé ọmọ mi? Tíṣà ni. Ilé rẹ̀ tutù, omi máa ń yọ níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fẹ́ lọ kírun.”

Mo ní, “Mo mọ ilé náà, ma. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn kírun níbẹ̀.”

Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo onírọ́.

“Irọ́ ni. Ọmọ mi ò ní jẹ́ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.”